Ọ̀sẹ̀ Tí Mo Di Oníṣẹ́ Àga

Ọjọ́ Sátidé kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí wọ́n á fi sin mí. Bí mo bá ń dá rìn lọ tí mo sì rántí rẹ̀, ẹ̀rín á kàn bú jáde lẹ́nu mi, àwọn tí a jọ wà lójú ọ̀nà á rọra yà fún mi, wọ́n á rò pé nǹkan ti ń ṣe mí. Kò sí nǹkan tó ń ṣe mí. Àga ni.

Mòwé la wà nígbà náà, a ò tíì pẹ́ tí a kó kúrò l'Ékòó. Igbó ṣì pọ̀ ní Mòwé ju ilé lọ nígbà tí mò ń wí yìí. Bí òjò bá ti rọ̀, bàtà lọ́wọ́, ẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀, la fi ń rìn dé títì márosẹ̀. Fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ àwọn èèyàn bíi tiwa ni, òkìtì kan sì wà lẹ́yìn ilé tí a máa ń gùn ká tó lè gbọ́ ohùn ẹni tó ń pè wá. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, èmi ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ìwé kan n'Íbàfò. Yàrá méjì àti pálọ̀ la gbà, èmi, ọkọ mi, Tóbi ọmọbìnrin wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn, àti Bùsáyọ̀ àbúrò mi.

Bùsáyọ̀ yìí lọ̀rọ̀ kàn gan-an. Ó ti ń bá ọmọkùnrin kan rìn láti bí ọdún kan, Kúnlé lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìfọ̀, ó máa ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe. Ọmọ náà wù mí, kì í ṣe aláṣejù, bó bá sì wá kí wa, ó máa ń dọ̀bálẹ̀ débi tí àyà rẹ̀ á kan ilẹ̀. Ìkirè làwọn òbí wa ń gbé, ẹsẹ̀ ń yọ bàbá wa lẹ́nu, wọn ò lè rìn jìnnà. Wọ́n ní kí àwọn ẹbí ọkọ kọ́kọ́ wá rí wa ní Mòwé, bí ọ̀rọ̀ bá wọ̀, kí wọ́n tó máa bọ̀ n'Íkirè.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn, Kúnlé dé. Ó ní, "Àǹtí, màámi àti ẹ̀gbọ́n wọn ń bọ̀ wá kí yín lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n kàn fẹ́ wá mọ ilé ni."

Mo ní, "Wọ́n káàbọ̀ o! Ilé ti wọn náà ni." Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu mi nígbà tí ojú mi bọ́ sára àga tí Kúnlé jókòó lé. Ẹ̀rín náà gbẹ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí àga yẹn ṣe rí. Àga gígùn ni, tí ẹni mẹ́ta lè jókòó sí. Ọkọ mi ti rà á kó tó fẹ́ mi, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń kó lọ sílùú mìíràn ló ti rà á. Lẹ́dà dúdú ni wọ́n fi bò ó, ṣùgbọ́n lẹ́dà náà ti ń bó bí ara ẹni tí oòrùn pa. Ẹnikẹ́ni tó bá jókòó síbẹ̀, bó bá dìde, díẹ̀ nínú àga á tẹ̀lé e lọ sílé lára ìdí rẹ̀. Àárín rẹ̀ sì ti jìn. Ẹni méjì tó bá jókòó sí ìkángun méjèèjì, bí wọn ò bá sọ́ra, àárín ni wọ́n á ti pàdé. Ọkọ mi máa ń sọ pé àga yẹn ló bá òun fẹ́ mi sílé, torí ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo wá kí i, ìkángun ni mo jókòó sí bí ọmọ tó gbẹ̀kọ́, kí n tó mọ̀, mo ti bá ara mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ṣé ibẹ̀ ni ìyá ọkọ á wá jókòó sí?

Ọjọ́ Mọ́ńdè, bí a ṣe jáde nílé ìwé, mo lọ bá oníṣẹ́ àga kan n'Íbàfò, ọmọ Ọ̀yọ́ ni. Alága ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Kì í ṣe pé ó ń ṣe alága ẹgbẹ́ kankan o, àga ló ń ṣe.

Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Alága. Àga mi ló ya, mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi bò ó."

"Kò sí wàhálà, màdáámù. Ọ̀sẹ̀ méjì."

"Sátidé yìí ni mo fẹ́ ẹ."

Ó kàn fi hámà ọwọ́ rẹ̀ nà sí abẹ́ àtíbàbà. Àga wà nílẹ̀, àga wà lórí àga, òmíràn dojú dé, òmíràn nasẹ̀ sókè bí ewúrẹ́ tó kú. Mo rí i pé Alága ò purọ́. Ṣùgbọ́n mi ò tètè lọ. Mo dúró, mò ń wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó kó ìṣó sẹ́nu, ó ń fi ètè yọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fa aṣọ, ó gbá ìṣó mọ́ ọn: kán, kán. Ó tún fà á, kán, kán. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, apá kan àga ti dán gbinrin. Mo wò ó títí, mo wá bi ara mi pé: ṣé gbogbo ẹ̀ náà nìyí?

Ìbéèrè yẹn ló kó bá mi.

Nígbà tí ọkọ mi dé nírọ̀lẹ́, mo sọ fún un pé màá bo àga náà fúnra mi. Ó yọ bàtà rẹ̀ tán kó tó fèsì. "Ìyá Tóbi, ṣé o ti ṣe é rí?"

Mo ní, "Ṣé mo ti bímọ rí kí n tó bí Tóbi?"

Mo rí i pé mo ti ń borí, ni mo bá fi òwe kún un. "Ṣebí àwọn àgbà ló sọ pé ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe."

Ó ní, "Ìwà ni wọ́n wí. Wọn ò mẹ́nu kan àga."

Ọjọ́ Túsìdé, mo wọ ọjà Ìbàfò. Obìnrin aláṣọ kan wà níbẹ̀ tó máa ń ná ọjà kiri, bó bá ná Ìbàfò lónìí, ó lè wà n'Ífọ̀ lọ́la. Aṣọ kan wà lórí igbá rẹ̀ tí ojú mi ò lè kúrò lára rẹ̀: àrán aláwọ̀ osùn, tí ewé aláwọ̀ wúrà wà lára rẹ̀ káàkiri. Mo fọwọ́ pa á, ó ń yọ̀ bí irun ológbò.

Mo béèrè pé, "Ṣé aṣọ àga nìyí?"

Ó ní, "Aṣọ àga kẹ̀? Àrán ni baba aṣọ! Ẹ fẹ́ fi rán ìró, ó gbà. Ẹ fẹ́ fi ṣe kọ́tìnì, ó gbà. Ẹ fẹ́ fi bo àga, kò sí ohun tí kò lè bò. Ẹyọ kan ṣoṣo ló kù, gbogbo ìyókù ni wọ́n ti kó lọ."

Mi ò bi í léèrè pé àwọn wo ló kó ìyókù lọ. Ó yẹ kí n bi í.

Ọjọ́ Wẹ́sìdé ni mo ṣí àga. Mo mú ọ̀bẹ, mo là á láti ẹ̀yìn. Ìyá Ràṣídà wá wò mí. Ẹ̀gbẹ́ wa ni obìnrin yìí ń gbé, ará Ìsẹ́yìn ni, kẹrosíìnì ló ń tà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀rín kì í sì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù inú àga jáde. Ìyarun mẹ́ta. Bíìrò tí mi ò lè kà. Ẹ̀pà tó ti di òkúta. Kọ́kọ́rọ́ àpótí kan tí a ti gbá àgádágodo rẹ̀ fọ́ tipẹ́. Ìwé ìpè sí ìgbéyàwó kan tí a ò lọ nítorí a ò rí ìwé ìpè. Mo tún ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ jinlẹ̀, nǹkan kan sì yí lábẹ́ ọwọ́ mi. Nǹkan náà gbóná.

Ìyá eku kan ló fò jáde, ó tó ọmọ ológbò. Mi ò mọ ìgbà tí mo dé orí tábìlì. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí mo débẹ̀, Ìyá Ràṣídà ti wà níbẹ̀.

"Aúsùbílláhì! Ìyá Tóbi, kí nìyẹn?"

"Eku ni!"

"Ṣé ó ti lọ?"

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó."

"Ṣé àga tèmi ni?"

A wà lórí tábìlì náà títí Bùsáyọ̀ fi dé, òun ló fi ìgbálẹ̀ lé eku náà jáde, tí kò tiẹ̀ bọ́ báàgì kúrò léjìká. Inú mi dùn sí i. Mo sọ lọ́kàn mi pé ẹni tó bá fẹ́ ọmọ yìí jẹun kánú.

Fóòmù inú àga wá ń rùn, ilé eku kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù lọ́fínńdà. Mo ní màá fọ̀ ọ́. Ìyá Ràṣídà ní, "Ṣé wọ́n máa ń fọ fóòmù?" Mo ní kí ló dé tí wọn ò ní fọ̀ ọ́. Mo tì í sínú bàsíà ńlá, mo da omi àti ọṣẹ sí i. Ẹ̀yin èèyàn mi, fóòmù mu omi. Ó mu korobá kan, ó mu méjì, ó mu mẹ́ta, ó sì ń retí ẹ̀kẹrin. Nígbà tí a fẹ́ gbé e jáde, kò ṣeé gbé. Àwa méjèèjì bọ́ sórí rẹ̀ láìwọ bàtà, a ń tẹ̀ ẹ́, a di ara wa lọ́wọ́ mú kí a má baà ṣubú, a ń lọ sókè, a ń lọ sílẹ̀, ìfófòó ń gun orúnkún wa. Bí ọkọ mi ṣe wọlé bá wa nìyẹn. Ó dúró, ó wò wá, ó ní, "Ẹ kú ijó," ó sì kọjá lọ sínú ilé.

A gbé fóòmù lé orí ògiri ìta pé kó gbẹ. Ọjọ́ Tọ́sìdé, òjò rọ̀ láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ilé ìwé ni mo wà tí mo ń wò ó láti ojú fèrèsé bó ṣe ń rọ̀. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, ọkàn mi sì wà lórí ògiri.

Fúráìdé dé, fóòmù ò gbẹ. Òde rẹ̀ gbẹ, ṣùgbọ́n bí mo bá tẹ̀ ẹ́, inú rẹ̀ ń dá mi lóhùn: fìì. Mo mú ọ̀bẹ, mo gé gbogbo ibi tó ń sọ̀rọ̀ kúrò. Nígbà tí mo gé e tán, ohun tó kù kò lè tó ọmọdé jókòó sí. Mo wá rántí pé àpò aṣọ àlòkù kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá. Mo kó o jáde, mo kó èyí tó wà lórí rẹ̀ náà mọ́ ọn, mo fún gbogbo rẹ̀ mọ́ inú àga, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó le dáadáa. Orí mi wú. Mo ní Alága pàápàá ò mọ ọgbọ́n yìí.

Ó wá ku aṣọ àti ìṣó. Bí mo ṣe rí Alága tó ṣe é, bẹ́ẹ̀ náà ni mo kó ìṣó sẹ́nu. Mo fa àrán, mo gbé hámà sókè, eruku àga kó sí mi nímú, mo sì sín. Ìṣó fọ́n ká gbogbo pálọ̀ bí àgbàdo tí wọ́n fọ́n fún adìẹ. Mo dúpẹ́ pé síta ló lọ, kì í ṣe sínú. Èyí tí mo rí, mo ṣà á. Èyí tí mi ò rí, ọkọ mi fi gìgísẹ̀ rí i nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó sì pariwo kan tó mú kí Ìyá Ràṣídà béèrè láti ẹ̀gbẹ́ pé ṣé eku náà ti padà ni.

Ìṣó ò tó mọ́. Àtàǹpàkò mi ti wú, torí nínú ìṣó mẹ́ta tí mo bá gbá, ọ̀kan á jẹ́ ọwọ́ mi. Àga sì wú níbi tí kò yẹ kó wú, ó dà bí àpò gààrí tí wọ́n wọ aṣọ fún. Ni mo bá rántí gọ́ọ̀mù. Mo ra agolo kan lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún bàtà ṣe ní ìkóríta. Mo fi burọ́ọ̀ṣì kun abẹ́ àrán náà, mo kùn ún lórí ìjókòó, mo kùn ún níbi ìfẹ̀yìntì, mo fi ọwọ́ tẹ gbogbo rẹ̀ títí ó fi sùn. Ẹni tó ta gọ́ọ̀mù ní kí n má ṣe kùn ún jù. Ṣùgbọ́n ṣé àga ló ń ṣe ni? Bàtà ló ń ṣe.

Òwúrọ̀ Sátidé, àga náà dán! Mi ò purọ́ fún yín. Oòrùn wọlé, ewé aláwọ̀ wúrà ń tàn yinrin. Mo fọwọ́ kàn án, ó gbẹ. Ọkọ mi yí i ká lẹ́ẹ̀mejì, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi gbalaja nílẹ̀. "Ìyá Tóbi, mo túúbá. Oníṣẹ́ ni ẹ́." Ó dìde, ó ní, "Ṣòkòtò aláwọ̀ eérú mi dà? Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo fi sí, òun ni mo fẹ́ wọ̀."

Mo ní, "Ẹ wá a dáadáa." Mi ò tiẹ̀ ronú sí i. Kò rí i, ó bá wọ ọ̀kan tó ti há mọ́ ọn láti ọdún kẹta, ó sì ń rìn bí ẹni tó gbé ẹyin sábẹ́ apá.

Ọ̀sán pọ́n dáadáa kí àwọn àlejò tó dé. Láti Ìfọ̀, mọ́tò mẹ́ta ni wọ́n wọ̀. Kúnlé ló ṣáájú, bàbá kan tẹ̀lé e, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, àgbàlagbà kan tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí dígí ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò. Ìyá Kúnlé ló wọlé kẹ́yìn. Obìnrin gíga ni, ó sanra, ó gbé gèlè sókè, ojú rẹ̀ sì le díẹ̀ bíi ti hẹdimísìtírẹ́ẹ̀sì wa. Ó wọ ìró àti bùbá.

Àrán ni. Aláwọ̀ osùn. Ewé aláwọ̀ wúrà wà lára rẹ̀ káàkiri.

Mo kúnlẹ̀ kí wọn, àmọ́ aṣọ yẹn ni mò ń wò. Bùsáyọ̀ náà kúnlẹ̀, ó wo màmá, ó wo àga, ó wo èmi. Mo sáré gbé àga oníke kan sún mọ́ fèrèsé. "Màmá, ẹ jókòó síbí, atẹ́gùn wà níbí dáadáa."

"Rárá o, ìyàwó mi, ọ̀nà jìn, ibi tó tutù sí ìdí ni mo ń wá." Wọ́n sì jókòó lé àga mi.

Màmá pòórá. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ gbà mí gbọ́. Orí la rí, a rí ọwọ́ méjì, a rí bàtà nílẹ̀. Gbogbo ibi tó kù di àga. Bàbá onídígí tó ń bọ̀ lẹ́yìn wo àga náà, ó rí i pé àyè ṣí sílẹ̀ láàárín, ó yí ẹ̀yìn padà, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́ bọ̀ sórí itan àbúrò rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n! Èmi ni o!"

Bàbá fò sókè. "Háà! Mo rò pé tìmùtìmù ni."

Kúnlé fi ikọ́ bo ẹ̀rín. Ọkọ mi ń wo àjà ilé. Bàbá lọ jókòó sórí àga oníke, ó yọ dígí rẹ̀, ó ń nù ún. Màmá wo ìró wọn, wọ́n wo àga, wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n kàn ní, "Àrán yìí, ojúlówó ni." Gbogbo wa ní bẹ́ẹ̀ ni.

Láti ìgbà náà lọ, nǹkan kò lọ dáadáa mọ́. Ọkọ mi ní ká dìde ká fi àdúrà bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa dìde, màmá jókòó. "Ẹ máa gbà á, Ọlọ́run ń gbọ́ ti ẹni tó jókòó náà." A gbàdúrà, ṣùgbọ́n mo la ojú kan, mo rí màmá tí wọ́n gbọnra díẹ̀. Bùsáyọ̀ wá kúnlẹ̀ níwájú wọn láti gbé omi fún wọn. Ó kúnlẹ̀ títí. Ó yẹ kí wọ́n fà á dìde, kí wọ́n dì mọ́ ọn, kí wọ́n ní, "Dìde, ìyàwó mi." Wọ́n kàn nawọ́ gba omi, ọwọ́ náà kò sì gùn tó. Mo gbé ìrẹsì àti ẹja sórí tábìlì, mo ní kí wọ́n máa bọ̀ wá jẹun. Bàbá dìde, Kúnlé dìde. Màmá ní, "Ebi ò pa mí." Ẹni tó wọ mọ́tò mẹ́ta láti Ìfọ̀!

Mo bá Bùsáyọ̀ nínú kíṣìnì, ó dojú kọ ògiri, ó ń sunkún.

"Àǹtí, wọn ò fẹ́ràn mi."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?"

"Wọn ò dìde fún nǹkan kan. Wọn ò lè dìde gbàdúrà pẹ̀lú wa. Wọn ò fẹ́ jẹ oúnjẹ wa. Àǹtí, aṣọ yẹn ló bí wọn nínú. Wọ́n rò pé à ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́."

Ẹ̀rín kúrò lọ́rọ̀ mi níbẹ̀. Ọmọ tí mo pọ̀n sẹ́yìn n'Íkirè nígbà tí ìyá wa bá lọ sóko nìyí. Bí àga mi bá ba ilé ọkọ rẹ̀ jẹ́, ojú wo ni màá fi wò ó? Mo nu ojú rẹ̀, mo padà sí pálọ̀, mo ní màá kúnlẹ̀, màá jẹ́wọ́, màá ní èmi ni kí wọ́n bínú sí.

Kí n tó kúnlẹ̀, màmá fi ìka pè mí. "Ìyàwó, sún mọ́ mi." Mo sún mọ́ wọn. "Tún sún mọ́ mi." Mo gbé etí sí wọn lẹ́nu.

Wọ́n ní, "Àga yín ti dì mí mú."

"Màmá?"

"Mo ti gbìyànjú ẹ̀ẹ̀mẹta. Nígbà àdúrà, mo gbìyànjú. Nígbà tí ọmọ yẹn kúnlẹ̀, mo gbìyànjú. Nígbà tí òórùn ìrẹsì yẹn dé, mo fi gbogbo agbára mi gbìyànjú. Kò jẹ́ kí n lọ."

Gọ́ọ̀mù tí mo rò pé ó ti gbẹ, ojú rẹ̀ ló gbẹ. Nígbà tí ara tó wúwo tó sì gbóná jókòó lé e, ó yọ́, ó là kọjá nínú àrán, ó dì mọ́ àrán ìró wọn. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún wọn ní wúyẹ́wúyẹ́, títí dórí eku. Ojú wọn ò yí padà. Wọ́n kàn ní, "Kó àwọn ọkùnrin jáde."

Mo ní, "Bàbá Tóbi, ẹ mú bàbá àti Kúnlé lọ wo ẹ̀yìnkùlé."

Ọkọ mi ní, "Kí ló wà lẹ́yìnkùlé?"

"Ẹ̀gẹ́."

"Ẹ̀gẹ́ kẹ̀?"

"Ẹ̀gẹ́ wa! Ẹ fi ẹ̀gẹ́ wa hàn wọ́n!"

Wọ́n jáde. Mo pe Bùsáyọ̀, mo pe Ìyá Ràṣídà pé kó gbé kẹrosíìnì bọ̀. Kẹrosíìnì tú ti ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ìdí kọ̀. Bùsáyọ̀ di ọwọ́ ọ̀tún mú, èmi di ti òsì mú, Ìyá Ràṣídà fi ẹsẹ̀ tẹ àga mọ́lẹ̀. A ka ení, èjì, ẹ̀ta. Màmá dìde, àga náà dìde tẹ̀lé wọn. Ìyá Ràṣídà ń pariwo pé, "Ó ń bọ̀! Ó ń bọ̀!" A tún fà á. Ràáà! Aṣọ àga ya kúrò lára igi, gbogbo wa sì ṣubú lura nílẹ̀, màmá lórí mi, Bùsáyọ̀ lórí màmá.

Nígbà tí a gbé orí sókè, inú àga ti ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ẹsẹ̀ ṣòkòtò aláwọ̀ eérú kan nà jáde láti inú rẹ̀, ó rọ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

Màmá wò ó. Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Ta lẹ sin síbẹ̀?"

Bí ẹ̀rín ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Màmá rẹ́rìn-ín títí gèlè fi ṣí. Ìyá Ràṣídà fi ìdí wọ́ ilẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn ọkùnrin gbọ́ ariwo, wọ́n rò pé ìjà ni, wọ́n sáré wọlé. Ìyá Kúnlé ló ń gbìyànjú láti dìde, tí awọ àga ń wọ́ tẹ̀lé wọn bí ìrù ọ̀kín. Bàbá onídígí béèrè pé, "Èwo ni àbúrò mi nínú wọn?" Ọkọ mi ò rí gbogbo ìyẹn. Ó na ọwọ́ sí àga, ó kígbe, "Ṣòkòtò mi!" Ó bẹ̀rẹ̀ láti fà á yọ, èyí tó wà nídìí rẹ̀ sì ya láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ rọlẹ̀, tí mo ti wá ìró mi fún màmá, wọ́n pe Bùsáyọ̀ mọ́ra, wọ́n rí i pé ojú rẹ̀ ti wú. "Kí ló pa ẹ́ lẹ́kún?"

"Ẹ má bínú, màmá. Mo rò pé ẹ ò fẹ́ràn mi ni."

Wọ́n dì í mọ́ra pinpin. "Ọmọ mi, láti ìgbà tó o kúnlẹ̀ ni mo ti fẹ́ gbé ẹ dìde. Mi ò fẹ́ pariwo ni. Mo ní bí mo bá sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ á rò pé mo wá fi àga òun ṣẹ̀sín ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo wọ ilé rẹ̀." Wọ́n wá yíjú sí mi. "Ìrẹsì yẹn dà? Ebi ti fẹ́ẹ̀ pa mí kú."

Orí ẹní la ti jẹun. Wọ́n jẹ abọ́ méjì. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n ní àwọn fẹ́ ọmọ wa, ọ̀nà Ìkirè ti là, ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣoṣo làwọn tọrọ: lọ́jọ́ tí a bá ń bọ̀ n'Ífọ̀, kí n má ṣe bá wọn tún nǹkan kan ṣe.

Bùsáyọ̀ ti bí mẹ́ta báyìí. Èmi àti ìyá Kúnlé di ọ̀rẹ́ ju bí àna ṣe ń ṣọ̀rẹ́ lọ, torí àwọn tó bá ti ṣubú lura nínú kẹrosíìnì kò tún ní ohun tó máa fi pamọ́ fún ara wọn. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kí n máa fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún oníṣẹ́, àti pé gọ́ọ̀mù kì í gbẹ nítorí pé àlejò ń bọ̀. Mo sì tún kọ́ ọ̀kan mọ́ ọn: àlejò tó jókòó tí kò rẹ́rìn-ín, kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń bínú. Ó lè jẹ́ pé kò lè dìde ni.

Títí dòní, bí màmá bá wọlé wa, wọn kì í kàn jókòó. Wọ́n á kọ́kọ́ fi ìka kan kan ìjókòó, wọ́n á gbé ìka náà sí imú, wọ́n á wò mí lójú. Èmi á ní, "Ó ti gbẹ, màmá." Wọ́n á ní, "Bẹ́ẹ̀ náà lo ṣe rò nígbà yẹn." A ò ní lè kí ara wa tán fún ẹ̀rín.